Bí Ràdíátù Ṣe Pa Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Mọ́ ní Malu Road

Ní ọdún 1995, bí àlejò bá gba Malu Road ní Ajégúnlẹ̀ kọjá ní ọ̀sán, tí ó gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí tírélà ń mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè, tí ó wo iwájú, tí ó wo ẹ̀yìn, tí kò rí tírélà kankan, àwọn ará àdúgbò á ní kó máa lọ ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà Ràdíátù ni. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń bọ̀ láti ojú òkun gbọ́ ọ, ó ṣe bí èbúté ló ń pe òun, ó sì fi fèrè tirẹ̀ dáhùn. Ẹni tó sọ ọ́ kì í purọ́ ju ìdajì lọ.

Ràdíátù fúnra rẹ̀ kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé ibì kan, ó di kí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣí kúrò. Ìjọra Badia ni wọ́n bí i sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí ìyá rẹ̀, Àdùfẹ́, ti ń yan ẹja nínú dúróòmù. Ẹja Àdùfẹ́ dùn débi pé reluwé máa ń dẹ eré bí ó bá dé ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìwé mẹ́fà ni Ràdíátù kà, owó sì tán. Ó wá iṣẹ́ lọ sí Apápá, wọ́n gbà á sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá ènìyàn kó ẹrù jáde ní èbúté. Ilẹ̀ gbígbá àti tíì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ṣùgbọ́n bí àwọn akọ̀wé bá ti lọ jẹun ọ̀sán, òun á jókòó sídìí tápúréètà wọn, á máa tẹ ohun tó bá ti rí: orúkọ ọkọ̀ ojú omi, iye àpò ìrẹsì, àdúrà òwúrọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìka rẹ̀ ti yá ju òjò lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì náà, bẹ́ẹ̀ ló tún ṣe mọ ìyẹn.

Ní 1993, ọ́fíìsì náà kógbá sílé. Wọ́n fẹ́ ju kọ̀ǹpútà kan sórí ààtàn. Ràdíátù ní kí wọ́n gbé e fún òun.

"Ó ti kú," ni ọ̀gá wí. "Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà gbé e fún mi. Bí ó bá ti kú lóòótọ́, màá sin ín."

Orí ló fi rù ú láti Apápá dé Ajégúnlẹ̀, òṣùká lábẹ́ rẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó pa òkú náà kò ju fíúùsì kan lọ, tí kò tó èékánná ológbò. Ó pààrọ̀ rẹ̀, òkú jí, ó sì ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan tì í. Ó gba ṣọ́ọ̀bù páànù kan níwájú ilé Bàbá Oyèwọlé, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí àwọn alágbàrù ní èbúté kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé: A Ń BÁ NI KỌ LẸ́TÀ.

Àwọn wo ní ń kọ lẹ́tà? Alágbàrù ni, awakọ̀ tírélà ni, ìyàwó ẹni tó lọ sókun tí kò dé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́, òun á sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń jáde lẹ́nu wọn. Òfin kan ló fi lélẹ̀: kò sí pépà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn akọ̀wé máa ń fọwọ́ kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Láti ẹnu sínú ẹ̀rọ, láti inú ẹ̀rọ sórí pépà, láti orí pépà sínú àpòòwé. Bí oníbàárà bá ti fi itọ́ lẹ ẹnu àpòòwé pa, Ràdíátù á pa ohun tó kù nínú ẹ̀rọ rẹ́ lójú rẹ̀. Ní ọ́fíìsì Apápá, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i tí wọ́n fi pépà àkọ́kọ́ lẹ́tà ọ̀gá kan di ẹ̀pà, tí ẹlẹ́pà sì ń ka àṣírí ọ̀gá fún àwọn tó ń ra ẹ̀pà. Òun búra pé irú rẹ̀ kò ní ti ọwọ́ òun jáde. Nítorí òfin yìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń ti Coconut, níbi tí àwọn tírélà ń dúró sí, wá, tí wọ́n ń fi àwọn akọ̀wé tó sún mọ́ wọn sílẹ̀.

Àmọ́ páànù ni ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ń yan án lókè, èéfín tírélà ń wọ̀ ọ́ níwájú. Ràdíátù rò pé afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ ń fẹ́, ó bá ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìṣó lu ihò yí i ká bí ajọ̀. Ṣe ni ọ̀rọ̀ burú sí i. Fáànù kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Bí aago méjì ọ̀sán bá sì lù, ẹ̀rọ á dákú, lẹ́tà á dúró ní àárín ọ̀rọ̀. Ó di dandan kí àwọn oníbàárà máa gbé ohùn sókè. Ràdíátù mọ̀ pé kò dára. Ó kàn ń fi ọjọ́ kan ti ọjọ́ kan ni.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni Vivian wọlé. Ará Warri ni, ó ń ta búrẹ́dì ní Coconut. Ọkọ rẹ̀, Tonbra, ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ló ni tírélà aláwọ̀ ewé kan tó máa ń dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà máa ń gbá a ní táyà bí ẹni ń gbá ẹṣin rẹ̀ létí. Vivian fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un pé..." Ó sọ ìyókù sínú ọrùn aṣọ.

"Mi ò gbọ́," ni Ràdíátù wí.

Ó tún un sọ.

"Vivian, fáànù ni mò ń gbọ́. Gbé e sókè díẹ̀."

"Mo ní kó má rán àbúrò wa wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ́, torí pé..."

"Torí pé kí ni?"

Sùúrù Vivian tán. Ó la ẹnu, ó fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró kígbe: "Torí pé Tonbra kò ní tírélà! Na motor boy him be!"

Àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti ń dúró dè é. Bí Vivian ti la ẹnu ni aago méjì lù, fáànù dákẹ́ wẹ́lo, ọ̀rọ̀ náà sì já bọ́ sáàárín Malu Road láìsí ohun tó bò ó. Ẹni tó ń gé irun dúró. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ dúró. Wọ́n ní ewúrẹ́ kan tó ń jẹ páálí gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópónà, ó ń gùn bọ̀ wá sókè bí omi òjò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn alágbàrù ti ń kí Tonbra ní "Ọlọ́kọ̀ kò mú ọkọ̀," Vivian sì ti fi aṣọ bo ojú gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ràdíátù lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Vivian kò ṣílẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà tó kù gbọ́, wọ́n sì ṣẹ́rí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Oyèwọlé wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ.

"Ràdíátù, nǹkan yìí ti tú ilé onílé. Mo fún ọ di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méjì. Bí kò bá dákẹ́, kó o gbé e jáde. Ẹnì kan fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù yìí ta táyà."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún oníṣòwò táyà kó má tíì yí ọ̀kan kan bọ̀ wá síbí."

"Ẹnu rẹ ṣì ń bẹ níbẹ̀."

"Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, Bàbá. Ẹnu ẹ̀rọ ni."

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà lọ sí Apápá lọ́dọ̀ Sylvanus, ẹnjiníà kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń wọ táì láàárín oòrùn nítorí pé amúlétutù wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Sylvanus kò tilẹ̀ dìde. Ó fi bírò tọ́ka sí àwọn ihò ìṣó.

"Madam, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìkòkò tí ẹ máa gbé sí kọ̀rọ̀ ilé. Wọn ò ṣe é fún ilé páànù Ajégúnlẹ̀. Amúlétutù ló ń fẹ́. Bí ẹ ò bá ní, ẹ tà á fún mi, kí n tú u fún sípéà."

"Ẹnjiníà, ṣé wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kó má wọ Ajégúnlẹ̀?"

"Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́."

"Nígbà tí wọn ò kọ ọ́, ó ti wọ̀ ọ́ ná. Kò sì ní jáde." Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ rù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn ń yí i lórí. Kí ló dé tí omi àmù fi ń tutù ní ọ̀sán gangan? Iyanrìn tútù tó wà ní ìdí rẹ̀ ni. Ràdíátù pàtẹ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdé, ó kó iyanrìn òkun sínú agbada, ó bu omi sí i, ó sì gbé kọ̀ǹpútà jókòó lé e bí àmù ìyàwó. Títí di aago mọ́kànlá, ìdí ẹ̀rọ tutù bí imú ajá. Inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ láti fi pa á lórí, iná sì gbé e láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó gbé e jókòó sórí àpótí ọṣẹ tó wà lódìkejì. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo apá rẹ̀ bóyá tòun ni. Lẹ́yìn náà ó yọ wáyà, ó sì kó iyanrìn dànù. Kò sí ẹni tó rí i, yàtọ̀ sí nǹkan bí ogójì ènìyàn.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé, ó lọ sí Ìjọra Badia. Kò sunkún fún ìyá rẹ̀. Ó ní ẹja lòun wá jẹ. Àdùfẹ́ wà nídìí dúróòmù rẹ̀. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lu ihò sí dúróòmù tirẹ̀ yíká, kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀. Ẹja rẹ̀ jóná lápá kan, ó tutù lápá kejì.

"Ẹ wò ó, ihò rẹ̀ pọ̀ ju tiyín lọ," ni Ràdíátù wí.

"Ìyẹn ló pa á," ni Àdùfẹ́ dáhùn. "Ọ̀lẹ ni afẹ́fẹ́, ọmọ mi. Bí o bá fún un ní ọ̀nà mẹ́wàá, èyí tó kúrú jù ni yóò gbà, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹja. Dí mẹ́sàn-án. Jẹ́ kó wọlé nísàlẹ̀, kó jáde lókè. Àárín ibẹ̀ ni kó o wá gbé ẹja sí."

Ràdíátù dáwọ́ ẹja jíjẹ dúró. Ó rí àpótí rẹ̀ lọ́kàn, pẹ̀lú gbogbo ihò ìṣó yẹn.

"Ẹ̀rọ mi ní fáànù tó ń sáré gan-an, ìyá mi. Síbẹ̀ kò tutù."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà ti rí mi kí n fi abẹ̀bẹ̀ kékeré fẹ́ iná? Èyí ńlá, tí mo bá rọra fẹ́ ẹ, ó tó. Èyí kékeré, ariwo ọrùn ọwọ́ ni. Jẹ ẹja rẹ, kó o máa lọ."

Kò jẹ ẹ́ tán. Láti Ìjọra Badia, Coconut ló gbà lọ, ó lọ bá Onoriode, réwáyà tó ń tún iná tírélà ṣe. Ọkùnrin náà ń tú tírélà kan tó ti dojú dé. Nínú yàrá awakọ̀ rẹ̀, fáànù kan wà tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun.

"Ǹjẹ́ èyí lè ṣiṣẹ́ nínú àpótí mi?" ni Ràdíátù bi í.

Onoriode fi àkísà nu ọwọ́. "Àǹtí, bátìrì méjì ni tírélà ń lò. Bátìrì méjì ló ti mọ́ fáànù yìí lára. Agbára tó ń jáde nínú àpótí yín, bí ti bátìrì kan ni. Kò ní lè sáré o. I no go lie for you. Á kàn máa rìn bí ìyàwó tuntun."

"Ìrìn ni mo ń wá. Eré ti tó."

"Bó bá jóná ńkọ́?"

"Bó bá jóná, kí wọ́n máa ta táyà. Mú sukudiráfà rẹ bọ̀ lọ́la. Wáyà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti àná, kò sí iná kankan tó kù nínú rẹ̀ tó máa tún gbé ẹnì kan jókòó."

Ọjọ́ Tọ́sìdé, àwọn méjèèjì tú u. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀. Eruku dúdú tí wọ́n kó níbẹ̀ kún agolo mílíìkì. Àwọn tó dé lẹ́yìn sọ pé garawa ni. Wọ́n yọ fáànù kékeré kúrò. Ràdíátù dí gbogbo ihò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù, ó sì dé ìdérí padà. Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù níwájú, nísàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Ó gé páálí bísíkíìtì, ó fi ṣe ọ̀nà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì fi fáànù tírélà sí ẹnu rẹ̀. Onoriode fi rọ́bà inú táyà so fáànù náà rọ̀, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má bàa dé ara àpótí. Ràdíátù gé sílípáàsì rẹ̀ ọ̀tún sí mẹ́rin, ó fi tẹ́ ìdí ẹ̀rọ.

"Afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ńkọ́?" ni Onoriode bi í. "Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ló máa tú u sí. Á tún gbà á wọlé níwájú."

Ràdíátù wo ògiri páànù. Ti Bàbá Oyèwọlé ni. Ó mú ìṣó àti òòlù, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnì kan, ó lu ihò tó tó ẹnu ìkòkò sí i, ó sì ki páálí náà jáde síta.

"Àǹtí, landlord go vex o."

"Bó bá bínú ní Sátidé, ó ti bá ohun tó máa bínú sí."

Sátidé dé, oòrùn sì mú bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Iná wà láti aago mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ sì ti ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó di aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá Oyèwọlé gbé àga tirẹ̀ dé. Oníṣòwò táyà tẹ̀lé e, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Sylvanus náà wá, nítorí ìròyìn kì í dúró ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn èrò ìta tó láti kún ọkọ̀ ojú omi kan.

Aago méjì lù. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Sylvanus yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. "Madam, ẹ ò tíì tàn án."

"Ẹ wo ojú rẹ̀, Ẹnjiníà."

Ó wò ó; ìlà lẹ́tà wà níbẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ó fi etí lé orí àpótí náà. Ó gbé ọwọ́ sí i: ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó sùn. Ó yí lọ sẹ́yìn ògiri, ó gbé ọwọ́ sí ẹnu páálí, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì gbé táì rẹ̀ lé e léjìká. Ó tún táì ṣe, ó padà sáàárín èrò.

"Ẹ̀rọ lè dákẹ́ fún wa lónìí," ni Bàbá Oyèwọlé wí. "Ohun tó tú ilé ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ta ló fẹ́ wá sọ tirẹ̀, ká mọ̀ bóyá yóò jáde?"

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ẹni tó ń gé irun rántí pé òun ní oníbàárà. Ràdíátù jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kò bẹ ẹnì kan. Ìgbà náà ni àwọn èrò pínyà, Vivian sì gba àárín wọn kọjá, àwo búrẹ́dì lórí. Tonbra wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Lẹ́tà mi kò parí lọ́jọ́ yẹn," ni Vivian wí. Ó sọ àwo kalẹ̀, ó sì jókòó. "Àǹtí, ẹ má ní kí n gbé e sókè o."

"Bí o bá gbé e sókè, èmi ni mo máa lé ọ jáde."

Vivian bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gbogbo Malu Road dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ó fo òun. Ogún etí lẹ̀ mọ́ páànù. Oníṣòwò táyà ki orí sí ihò ògiri, ooru lé e padà. Wọ́n rí ẹnu Vivian tó ń lọ, wọ́n rí ìka Ràdíátù tó ń fò, wọn ò gbọ́ ju tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ lọ. Aago méjì ààbọ̀ kọjá, ẹ̀rọ kò dákú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ han gan-an bí ológbò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní àṣírí kan láti sọ. Vivian lá àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ràdíátù pa ti inú ẹ̀rọ rẹ́ lójú rẹ̀.

Tonbra dí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè: "Àǹtí, wetin she talk?"

"Brọ̀dá Tonbra, ẹ jókòó, kí ẹ kọ lẹ́tà bi í. Èmi náà ni màá tẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní sọ fún un."

Ẹ̀rín sọ, Tonbra pàápàá sì bá wọn rín. Ó gbé àwo búrẹ́dì ìyàwó rẹ̀, ó gbé e rù ú.

Sylvanus sún mọ́ ọn. "Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo inú rẹ̀. Kí lẹ fi sí i?"

"Ẹnjiníà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ìkòkò ni."

Bàbá Oyèwọlé dìde. Ó fi ọ̀pá lé èrò, ó lé oníṣòwò táyà tẹ̀lé wọn, ó ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ wá bá ihò tó wà lára ògiri.

"Ta ló lu páànù mi?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O ò bi mí."

"Bí mo bá bi yín, ẹ máa ní kí n má lù ú."

Bàbá wo ihò náà, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ilẹ̀kùn bóyá ó tì dáadáa. Lẹ́yìn náà ni olórí alágbàrù àtijọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ti máa ń dá igba ọkùnrin dúró ní èbúté, fa àga rẹ̀ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ síwájú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun.

"Kọ ọ́ pé," ni ó wí, "ó ti tó ọdún méjìdínlógún..."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn ará ìta kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá bi Ràdíátù pé ta ni Bàbá kọ̀wé sí, á ní kí olúwarẹ̀ fi etí lé ẹ̀rọ, kó bi í.